Àmì Orí Lẹ́tà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìkirè kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀.
"Mo ti ra oko," ló kọ sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ kan.
Èmi, ní Sheffield níbí, mo pariwo:
Ẹ̀gbọ́n ti di onímọ́tò!
Mo ti rí i lọ́kàn mi, pupa, táyà mẹ́rin,
ó kù díẹ̀ kí n fi owó epo ránṣẹ́.
Ọkọ́ ni. Ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní,
"Ṣé kì í ṣe lẹ́tà kan náà ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò láàárọ̀ yìí
bí mo ṣe ń gé ìda,
ìda tí a ri awẹ́ ara kan mọ́ inú rẹ̀,
kò ju ẹyin iná orí lọ.
Kò lórúkọ. Mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n kọ sí i lára.
Láti orí funfun ojú ẹnì kan ló ti wá,
níbi tí omijé ń gbà kọjá,
níbi tí dúdú kò ti níṣẹ́ kankan.
Bóyá ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i, nídìí tíì àárọ̀:
"Kí ló bọ́ sí ọ lójú?"
Ó fi ìka nù ún. Kò kúrò.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì,
wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ,
ohun tí bàbá kọ sílẹ̀ fún ọmọ.
Níbi tí mò ń wò yìí, ọ̀kan ò sọnù, ọ̀kan ò yípò.
Ṣùgbọ́n nǹkan ti bà lé wọn lórí,
káábọ́nù kan, háídírójìn mẹ́ta,
bí eṣinṣin tó bà sórí ìwé àdéhùn.
Ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó kígbe "Dúró!"
fún sẹ́ẹ̀lì tó ń sáré bí sí i,
orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé.
A kàn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu ni.

Oògùn kan wà tí a ń dà sí i:
lẹ́tà tí kò lámì á pa ara dà,
èyí tó lámì á dúró gbọn-in.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá wọn mọ̀.
Jẹjẹrẹ yìí ṣọ̀wọ́n; ọdún mọ́kànlá
la fi kó ojú mẹ́rìnlélógójì jọ,
ọ̀gá mi, Dókítà Priestnall, a máa kà wọ́n bí ahun ṣe ń ka owó.
Èwo nínú àmì wọ̀nyí ló ń sọ pé yóò padà wá?
Èwo ló kàn bà síbẹ̀? N kò mọ̀.

Lọ́sàn-án, nínú líìfù, bàbá òyìnbó kan wọlé,
wọ́n ti di ojú òsì rẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ọwọ́ ẹni tó pọ́n ọ̀bẹ dàgbà.
"Ìfẹ́," ló pè mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo ènìyàn níbí,
"bá mi ka ibi tí mò ń lọ."
Mo kà á. Àjà kẹta.
Ó ní Ibbotson lòún ń jẹ́, Walkley lòún ń gbé,
òkè ibẹ̀ ń pa eékún òun.
"Wọ́n ti gé e. Mo ní kí wọ́n máa mú un lọ,
kí wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"
N kò bi í ní nọ́ńbà. Òfin ò gbà,
òun náà ò sì mọ̀ ọ́n.
Ojú ọ̀tún rẹ̀ ń wò mí, ó mọ́ gaara.

Bó bá ṣe pé lẹ́tà ló bàjẹ́, ta ni yóò tún un kọ?
Ṣùgbọ́n àmì, wọ́n ní ó ṣeé pa rẹ́.
Wọ́n ní.

Lálẹ́, tíráàmù ń gun òkè, fóònù mi dún.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi: "Igba ti de."
Igbá ni, àbí ìgbà?
Mo tẹjú mọ́ ọn
títí a fi kọjá ibùdó mi.